Ìwé ìbí fún ọmọ tí kò lẹ́ni: ẹ má ti orí NIN bẹ̀rẹ̀

Bí ọmọ asùnta tàbí ọmọ tó ń gbé nílé àwọn ọmọ òrukàn bá bọ́ sọ́wọ́ aláàánú kan l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká sáré ṣe NIN fún un." Wọ́n á mú un dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó ń ṣe NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni, akọ̀wé á bèèrè ọjọ́ ìbí, oníkálukú á máa wojú ara wọn, ẹnì kan á wá ní kí wọ́n ṣáà kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2010. Ó parí. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rò dáadáa yẹn ni yóò máa tẹ̀lé ọmọ náà kiri, torí báńkì, JAMB tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, àwọn onísíìmù àti àwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù, inú NIN ni gbogbo wọn ti ń wo orúkọ àti ọjọ́ orí ènìyàn.

NIN ló yẹ kó ṣìkẹta. Èkíní ni ìwé tó sọ ẹni tí ọmọ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, èyí tó ń ti ọwọ́ wẹ́fíà (ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ire ọmọdé) àti kóòtù wá. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye ènìyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni NIN. Ẹni tó bá gbé e sódì, owó ni yóò fi tún un ṣe: láti 2025, àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ti di 28,574 náírà, wọ́n á sì tún ní kẹ́ ẹ mú ìwé NPC wá, ìwé kan náà tẹ́ ẹ fò dá lákọ̀ọ́kọ́.

Ká yanjú èyí ná, torí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: káàdì tí ilé ìwòsàn fún ìyá ọmọ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí. Èyí tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ń tẹ̀ fúnra wọn náà kò tó, kódà bó ní òǹtẹ̀ mẹ́ta. NPC ni òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé lọ́wọ́, òfin 1992 sì sọ ọ́ di dandan. Àwọn akọ̀wé wọn wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì tún wà láwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Síbẹ̀ náà, ìwádìí MICS ti 2021, èyí tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé nípa ìlera àti ìgbé ayé ọmọdé, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 57 péré ni wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ní bàbá àti ìyá, ẹ fojú inú wo tẹni tí kò ní.

Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n rí nílẹ̀ ni ìwé rẹ̀ rọrùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń pani lẹ́kún jù. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó rí i gbé e lọ sí tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wẹ́fíà gbà á, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kóòtù wá pàṣẹ ilé tí yóò máa gbé. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ jáde nínú àwọn ìwé yìí: ọjọ́ tí wọ́n rí i, ibi tí wọ́n ti rí i gan-an, bí dókítà ṣe díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ lọ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n á ti gbé ọ̀gá tó kọ ọ́ lọ sí tẹ́ṣàn mìíràn, ìwé náà á sì ti wà nísàlẹ̀ òkìtì ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ tú.

Lọ́dọ̀ dókítà, ẹ má gbà kó kọ "ọmọ ìkókó" lásán. Iye ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá rí ọmọ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, tí dókítà sì kọ ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ni kẹ́ ẹ kọ fún ọjọ́ ìbí. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń fi ọjọ́ tí wọ́n rí ọmọ ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àyàfi tí ìwọ́ rẹ̀ bá ṣì tutù ni ìyẹn fi lè bá a mu. Ní ti ibi tí wọ́n bí i sí, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti rí i ni kẹ́ ẹ kọ.

Ní ti bàbá àti ìyá, ẹ má hùmọ̀ orúkọ. Ohun tí ìwé kóòtù bá sọ ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún akọ̀wé NPC. Mo mọ̀ pé àánú ló máa ń mú kí ìyá àgbà tó ni ilé kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ìyá ọmọ sí, ṣùgbọ́n irọ́ ni níwájú òfin, ó sì ń di ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú. Bí tọkọtaya kan bá fẹ́ gba ọmọ náà ṣe ọmọ ara wọn, kóòtù á bèèrè ìyọ̀ǹda òbí, òbí tó wà nínú ìwé á sì di ìyá àgbà. Ẹjọ́ tó yẹ kó já gaara á wá di ọ̀rọ̀ àlàyé. Bákan náà ni fún alágbàtọ́ tí wẹ́fíà kó ọmọ fún láti máa tọ́: àṣẹ ìgbàtọ́ kì í yí orúkọ ìdílé ọmọ padà. Àṣẹ ìgbàṣọmọ ló ń ṣe ìyẹn, kóòtù nìkan ló sì ń fúnni. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ìgbàṣọmọ ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ní sùúrù, kí orúkọ tuntun wọlé pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàdínlógún tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì l'Óṣòdì tàbí ní Mọ́kọ́lá, tó ń fọ abọ́ fún olóúnjẹ tàbí tó ń ru ẹrù lọ́jà. Kò sí ìwé ọlọ́pàá, kò sí dókítà, orúkọ tó ń jẹ́ níta kì í sì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní gbọ́. Ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí orúkọ tó bá dá lọ́jọ́ yẹn lè yàtọ̀ sí tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe òpùrọ́, ẹ̀rù ló ń bà á pé wọ́n á dá òun padà sọ́dọ̀ ẹni tí òun sá fún. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìwé lẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe pé ẹ fẹ́ mú un lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ mọ̀lẹ́bí kankan láago, ẹ jẹ́ kí wẹ́fíà gbé e yẹ̀ wò bóyá ewu wà níbẹ̀.

Ẹ tún bèèrè dáadáa bóyá wọ́n ti ṣe ìwé fún un rí. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NPC nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti ya NIN nílé ìwé tàbí kí ọ̀gá mẹkáníìkì kan ti ya á fún un nítorí síìmù. Orúkọ ọ̀gá náà á sì ti wọnú ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ìtẹ̀ka kan kò lè ní NIN méjì. Bí ti àkọ́kọ́ bá wà, àtúnṣe lẹ máa ṣe, ẹ ò ní lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ìbéèrè "ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́" kì í so èso. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ká fi ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ wọn ìgbésí ayé rẹ̀. Kíláàsì wo ló wà nígbà kónílé-ó-gbélé 2020? Ta ló ń bá gbé nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023? Ǹjẹ́ ó rántí ìbò 2019, àbí wọ́n sọ fún un ni? Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wo ló tẹ̀ lé e, kí sì ni ọjọ́ orí ìyẹn? Ṣé ìgbà òjò ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n bí i, àbí ìgbà ọyẹ́? Ṣé ó súnmọ́ Iléyá? Ọmọ tó sọ pé òun wà ní pírámárì kejì nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta 2020 á ti wà láàárín ọdún méje sí mẹ́jọ nígbà náà, ìyẹn ni pé 2012 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2013 ni wọ́n bí i, àyàfi tó bá jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà ẹ fi eyín tì í lẹ́yìn. Eyín iwájú àwọn ọmọdé máa ń yọ kúrò ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí méje. Eyín ńlá ẹ̀yìn kejì máa ń hù ní bí ọdún méjìlá. Èyí tó ń hù gbẹ̀yìn pátápátá kì í sábà yọjú kí ènìyàn tó pé mẹ́tàdínlógún. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ló máa wò ó, tí yóò sì kọ ìwé ìdíwọ̀n ọjọ́ orí. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ìbéèrè yín dání lọ fún un, torí ebi máa ń mú kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá rí bí ọmọ mọ́kànlá, ojú lásán á sì tan dókítà náà jẹ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ní ọdún, ẹ wá oṣù tó bá ọ̀rọ̀ ọmọ náà mu, kẹ́ ẹ sì mú ọjọ́ kan. Ẹ má mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó bá rí i á ti mọ̀ pé àfojúdá ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín ní ìbéèrè tí kò bi ẹlòmíràn. Ẹ má sì dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè pẹ́ sí i nílé àwọn ọmọ. Ọmọ tẹ́ ẹ bá dín ọdún méjì kù, JAMB tí kò fẹ́ ọmọ tí kò tíì pé 16 ni yóò dá a dúró, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọlé lọ.

Orúkọ náà ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá fún àwa Yorùbá. Kọ̀ǹpútà wọn kò gba àmì. Ṣẹ́gun lè di Segun lọ́dọ̀ akọ̀wé kan, kó di Shegun lọ́dọ̀ èkejì. Adéṣínà lè di Adesina tàbí Adeshina. Ní ojú ẹ̀rọ, ènìyàn méjì nìyẹn. Ẹ mú kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá sórí páálí kékeré kan: orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí i sí. Páálí yẹn ni kẹ́ ẹ máa nà sí gbogbo akọ̀wé, ẹ má kàn fẹnu pè é. Mo rò pé ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni páálí náà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí rẹ́jísítà ilé ìwé tàbí ti ilé àwọn ọmọ bá ti kọ ohun mìíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ti wọn ṣe kó tó dọ̀la. Àtúnṣe rẹ́jísítà kò ju kí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí i lọ.

Ní báyìí, wẹ́fíà ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ló máa kọ lẹ́tà tó sọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́ àti ẹni tó ń mójú tó o. Kóòtù májísíréètì tàbí kóòtù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ló máa fi òǹtẹ̀ sí àṣẹ ìtọ́jú. Ẹ̀tọ́ ni gbogbo èyí, ẹ ò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé kí gbogbo ọmọ ní orúkọ, kí wọ́n sì forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Ẹ gbé lẹ́tà wẹ́fíà, àṣẹ kóòtù, ìwé dókítà, ìwé ìbúra láti ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti NIN alágbàtọ́ lọ bá NPC. Kí akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín, kẹ́ ẹ fi páálí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kan, ẹ bi í léèrè rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ á rántí lójijì pé ọ̀fẹ́ ni.

NIN kò le mọ́ lẹ́yìn èyí. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kò lówó nínú. Ọmọ tí kò tíì pé 16 gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú òbí tàbí alágbàtọ́ tó ti ní NIN tirẹ̀, torí wọ́n á so ó mọ́ ti ẹni náà. Kí ilé àwọn ọmọ yan òṣìṣẹ́ tó dúró ṣinṣin fún èyí, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣèrànwọ́ fún oṣù mẹ́ta. Fún ẹni tí kò ní ìwé púpọ̀, NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, gba lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ olórí ìlú tàbí olórí ẹ̀sìn, káàdì ilé ìwé náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ẹ lo àdírẹ́sì ilé àwọn ọmọ tàbí ti ẹgbẹ́ tó ń ràn án lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda wọn.

Nǹkan méjì ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìka. Ọmọ tó ń fọ abọ́, tó ń po sìmẹ́ńtì tàbí tó ń ru igi, ìtẹ̀ka rẹ̀ á ti họ, ẹ̀rọ á máa ṣàìmọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó sinmi iṣẹ́ ọwọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó máa fi fasilíìnì pa ìka lálaalẹ́, kó sì fọ̀ ọ́ gbẹ dáadáa kó tó dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rá àti òógùn máa ń dí ojú ẹ̀rọ. Bí ìka kan bá kọ̀, kí akọ̀wé rọra tún un gbìyànjú, kó má kàn fò ó.

Èkejì ni nọ́ńbà fóònù, èyí sì ni mo máa ń rí tí wọ́n ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́: òun lẹ máa fi tẹ *346# láti rí NIN bí ìwé bá sọnù, òun ni wọ́n á máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí. Ọmọ ìta kì í ní síìmù kan fún ọdún kan. Wọ́n á jí i, tàbí kó tà á. Tẹ́ ẹ bá kọ nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà náà, kò sàn ju ìyẹn lọ. Nọ́ńbà ilé àwọn ọmọ, tí kò ní kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ló dára jù, kẹ́ ẹ yí i sí tirẹ̀ nígbà tó bá dàgbà tó ní síìmù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ti JAMB, nọ́ńbà kan fún ọmọ kan ni: síìmù tí yóò fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò.

Bó bá ti kọjá ọdún 18, ìwé ẹ̀rí ìbí ọ̀fẹ́ ti lọ. Ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni NPC á fún un, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un, owó sì wà níbẹ̀. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń ṣe gbogbo nǹkan, ti ń pàdánù agbára lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ẹ lẹ ọjọ́ ìbí kejìdínlógún ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ sì ti máa sáré ìwé rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí ìwé NPC àti NIN kò yanjú: ìwé ọmọ onílùú, èyí tó ń sọ pé ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ni ènìyàn. Ìjọba ìbílẹ̀ á bèèrè, "Agboolé wo?" Ọmọ tí wọ́n rí nínú páálí lẹ́bàá títì kò lágboolé. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí abala 25 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 so jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́ òbí tàbí òbí àgbà, kò sì sọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n rí nílẹ̀. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1961 lórí àwọn tí kò ní orílẹ̀-èdè ní 2011, èyí tó ní ká ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti rí i, ṣùgbọ́n àdéhùn kò di òfin wa àfi tí Ilé Aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin. Lójú tèmi, ìtìjú ni. Ní ìṣe, lẹ́tà baálẹ̀ àdúgbò tí ilé àwọn ọmọ wà, pẹ̀lú àṣẹ kóòtù, máa ń ṣí ilẹ̀kùn láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. L'Ékòó, káàdì LASRRA, ìyẹn káàdì olùgbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe, wà fún gbogbo olùgbé láìbèèrè agboolé, ṣùgbọ́n pé ó ń gbé níbẹ̀ nìkan ló ń jẹ́rìí sí.

Àwọn ọmọ tó wá láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó, ẹ má sọ wọ́n di ọmọ Ìjẹ̀bú lórí ìwé. Wẹ́fíà àti ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè wọn ni ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kí ìwé ìbí ti wà fún wọn nílé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 2014 ní kí ọmọ tó ti lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán lọ́wọ́ ìjọba má kúrò níbẹ̀ lọ́mọ ọdún 18 láìsí ìwé ìbí, káàdì Social Security (tó ní nọ́ńbà tí ìjọba wọn fi ń dá ènìyàn mọ̀) àti káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé àwọn ọmọ kan níbí lè sọ irú ẹ̀ di òfin inú ilé láìdúró de Abuja. Ìwé ìbí tòótọ́, ìwé NIN, àṣẹ kóòtù, lẹ́tà tó sọ pé ó gbé níbẹ̀ láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé: kó gbé tòótọ́ wọn lọ, kí ilé fi fọ́tókọ́pì àti fọ́tò wọn pamọ́. Ẹ ṣí àkántì báńkì fún un kó tó jáde, torí láti ìparí 2023 ni CBN, báńkì àgbà ilẹ̀ wa, ti ní kí àkántì kankan má wà láìní BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fúnni) tàbí NIN. Ọ̀gá tó bá gbà á síṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ gba tòótọ́ ìwé kankan sọ́wọ́ "kó má bàa sá." Fọ́tókọ́pì tó ọ̀gá yẹn.